Orúkọ, Iye àti Ilẹ̀: Àlàyé lórí Rumex acetosella, Ewéko Kíkan Ilẹ̀ Àríwá

Ìfáárà

Ẹni tí ó bá ti lo ìwé atúmọ̀-èdè tí Abraham tẹ̀ jáde ní ọdún 1958, tàbí ìwé Ewé tí Pierre Verger gbé jáde ní ọdún 1995, yóò ti ṣe àkíyèsí pé a máa ń kọ orúkọ Látìnì ti orúkọ Yorùbá tí ewé ń jẹ́. Ìdí tí a fi ń ṣe bẹ́ẹ̀ kò fara sin. Ewé kan lè ní orúkọ méjì tàbí mẹ́ta láàrin Ìjẹ̀bú àti Èkìtì. Orúkọ kan náà sì lè wà fún ewé méjì tí kò bá ara wọn tan rárá. Nítorí náà ni a ṣe fi orúkọ Látìnì ṣe òpó tí a so gbogbo wọn mọ́. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ń kọ àpilẹ̀kọ lórí ọfọ̀ àti ìtọ́jú aláìsàn a sì máa da àwọn orúkọ wọ̀nyí kọ bí ohun tí kò ní àríyànjiyàn nínú.

Èrò wa nínú iṣẹ́ yìí ni pé àríyànjiyàn wà nínú wọn, ó sì pọ̀. Orúkọ Látìnì jẹ́ èrò onímọ̀ kan, tàbí ti ọ̀wọ́ onímọ̀ kan, ní àkókò kan. Bí èrò bá yí padà, orúkọ a yí padà, ewé a sì wà bí ó ti wà. Ewéko kan ṣoṣo ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, kì í sì í ṣe ewéko ilẹ̀ wa. Ilẹ̀ òtútù ní àríwá Yúróòpù ni àwọn onímọ̀ ti kọ́kọ́ fún un ní orúkọ Látìnì tí ó ń jẹ́, èyí tí í ṣe Rumex acetosella. A yàn án nítorí pé àwọn onímọ̀ gbìyànjú láti fi iye ohun tí wọ́n kà nínú ara rẹ̀ yanjú ọ̀rọ̀ orúkọ rẹ̀, iye náà kò sì yanjú rẹ̀.

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ kí a ṣàlàyé ọ̀rọ̀ mẹ́ta. A ó máa lo ìdílé fún àwọn ewéko tí ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ nínú orúkọ Látìnì wọn jẹ́ ọ̀kan náà. Rumex jẹ́ ìdílé kan. A ó máa lo ẹ̀yà fún ọmọ ìdílé kọ̀ọ̀kan tí ọ̀rọ̀ kejì ń dá mọ̀. Bí a bá tún pín ẹ̀yà sí wẹ́wẹ́, ẹ̀ka-ẹ̀yà ni a ó pè é, gẹ́gẹ́ bí a ti ń sọ pé ẹ̀ka-èdè.

Ewéko náà àti àwọn orúkọ rẹ̀

Ìdílé Rumex ní ẹ̀yà tí ó tó nǹkan bí igba. Àwọn tí ó ga, tí ewé wọn sì fẹ̀, ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní dọ́ọ̀kì. Ọ̀kan nínú wọn ni Rumex longifolius, dọ́ọ̀kì ti àríwá, tí ó wà ní Skọ́tíláǹdì àti ní ilẹ̀ Skandinéfíà. Àbúrò wọn ni eléyìí. Kò sábà ga ju ìgúnwọ́ ènìyàn lọ. Ewé rẹ̀ rí bí orí ọ̀kọ̀ tí a fi etí kékeré méjì sí ní ìsàlẹ̀. Bí ó bá dàgbà lórí ilẹ̀ gbígbẹ, igi òdòdó rẹ̀ a pọ́n, tó bẹ́ẹ̀ tí pápá tí ó pọ̀ sí a máa rí bí ibi tí a da osùn sí. Ó ní akọ, ó ní abo, lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, bí ìbẹ́pẹ ti rí. Afẹ́fẹ́ ni ó ń gbé lẹ́búlẹ́bú òdòdó akọ lọ bá abo. Gbòǹgbò rẹ̀ a sì máa rìn lábẹ́ ilẹ̀ kí ó tó hù jáde níbòmíràn, bí ti ẹ̀kan. Àgbẹ̀ tí ó ti bá ẹ̀kan jà mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: bí a tilẹ̀ gé e, ìwọ̀nba gbòǹgbò tí ó kù yóò tún hù.

Linnaeus ará Súwídìn ni ó fi orúkọ rẹ̀ sínú ìwé Species Plantarum ní ọdún 1753, ìwé tí gbogbo orúkọ ewéko lónìí ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlànà òfin. Ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Acetum ni ohun tí Bíbélì Yorùbá ń pè ní ọtí kíkan. Inú rẹ̀ ni acetosa ti wá, tí í ṣe orúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó tóbi jù ú lọ, Rumex acetosa. Àfòmọ́ tí ó wà ní ìparí acetosella sì ń fi kíkéré hàn. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé òun ni kékeré inú àwọn tí ó kan.

Ahọ́n ni ọ̀pọ̀ èdè tí ó bá ewéko yìí gbé fi sọ ọ́ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ Faransé àtijọ́ tí ó túmọ̀ sí kíkan ni sorrel ti àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti wá. Àwọn ará Nọ́wè ń pè é ní småsyre, ‘kíkan kékeré’. Àwọn ará Họ́láǹdì fi ṣe ti àgùntàn, schapenzuring. Àwọn ará Áísíláǹdì fi ṣe ti ajá, hundasúra. Ti àwọn ará Jámánì ni ó dùn mọ́ wa jù. Kleiner Sauerampfer ni wọ́n ń pè é. Ampfer nìkan ti wá láti inú gbòǹgbò ọ̀rọ̀ àtijọ́ tí ó jẹ mọ́ kíkan àti kíkorò. Nígbà tí àwọn ènìyàn gbàgbé ìtumọ̀ rẹ̀, wọ́n tún fi sauer, tí í ṣe kíkan, síwájú rẹ̀. Wọ́n ń sọ ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì láì mọ̀. Àwọn ará Dẹ́ńmáàkì nìkan ni kò tọ́ ọ wò nínú àwọn tí a kà sílẹ̀ yìí: ojú ni wọ́n fi wò ó tí wọ́n fi pè é ní rødknæ, ‘orúnkún pupa’.

Ó yẹ kí àwọn atúmọ̀ ìwé kíyè sí nǹkan kan níbí. Ní Jàmáíkà àti ní àwọn erékùṣù Káríbíà mìíràn tí wọ́n ti ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ìṣápá ni sorrel, èyí tí orúkọ Látìnì rẹ̀ ń jẹ́ Hibiscus sabdariffa, tí a fi ń ṣe sóbò. Ìṣápá àti Rumex kò sí nínú ìdílé kan náà, wọn kò tilẹ̀ súnmọ́ ara wọn. Kíkan ni ó fún wọn ní orúkọ kan náà. Ẹni tí ó bá rí sorrel nínú ìwé ìtàn àròsọ ará Jàmáíkà tí ó sì túmọ̀ rẹ̀ sí ìṣápá ṣe é dáadáa. Ẹni tí ó bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ìwé tí a kọ nípa pápá oko ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti gbé ìṣápá lọ sí ibi tí òtútù yóò ti pa á.

Ohun tí a ń kà nínú rẹ̀

Sẹ́ẹ̀lì ni a fi mọ ara ohun gbogbo tí ó ní ẹ̀mí, ó kéré ju ohun tí ojú lásán lè rí lọ. Nínú sẹ́ẹ̀lì ewéko ni àwọn ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà bí òwú, àwọn ni wọ́n ń gbé àbùdá àjogúnbá láti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ọmọ. Krómósóòmù ni a ó máa pè wọ́n. Bí sẹ́ẹ̀lì bá fẹ́ pín sí méjì, àwọn òwú wọ̀nyí a sún kì, wọn a nípọn. Ìgbà náà ni a lè kà wọ́n. Ṣóńṣó gbòǹgbò tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni onímọ̀ a máa gé, a rẹ ẹ́ láró, a tẹ̀ ẹ́ pẹlẹbẹ sáàrin gíláàsì méjì, a sì fi awò tí ń mú ohun kékeré tóbi wò ó.

Méjì-méjì ni krómósóòmù sábà máa ń wà: ìdajì láti ọ̀dọ̀ baba, ìdajì láti ọ̀dọ̀ ìyá. Ti ènìyàn jẹ́ 46, èyí tí í ṣe 23 lọ́nà méjì. Ṣùgbọ́n ewéko a máa ṣe ohun tí ènìyàn kì í ṣe. Ó lè ṣẹlẹ̀ pé ẹyin tàbí lẹ́búlẹ́bú òdòdó kọ̀ láti pín iye rẹ̀ sí méjì kí ó tó lọ pàdé èkejì. Ọmọ tí yóò bí yóò ní ju ọ̀wọ́ méjì lọ. Bí èyí ti ń ṣẹlẹ̀ láti ìran dé ìran, iye a máa gòkè ní ìlọ́po. Nínú ìdílé Rumex, àwọn dọ́ọ̀kì a máa ka ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan ní mẹ́wàá-mẹ́wàá: Rumex conglomeratus ní 20, Rumex obtusifolius ní 40, dọ́ọ̀kì ti àríwá ní 60, Rumex hydrolapathum tí ń gbé etí odò sì ní 200. Ti ewéko kíkan tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ jẹ́ méje-méje. A ti rí èyí tí ó ní 14 nínú rẹ̀, a ti rí èyí tí ó ní 28, a sì ti rí èyí tí ó ní 42.

Rumex acetosa, ẹ̀gbọ́n rẹ̀, tilẹ̀ ní àrà tirẹ̀. Kihara àti Ono ní ilẹ̀ Jàpáànù fi hàn láàrin ọdún 1920 sí 1930 pé abo rẹ̀ ní 14, akọ rẹ̀ sì ní 15. Nínú ẹ̀yà kan ṣoṣo, láàrin tọkọtaya, iye kò dọ́gba. A mẹ́nu ba èyí nítorí pé ó ti ń kìlọ̀ fún wa pé iye nìkan kò lè jẹ́ ẹ̀rí pé nǹkan méjì yàtọ̀ ní ẹ̀yà.

Ẹ̀yà kan, iye kan: ìlànà Löve

Áskell Löve ni a bí ní Áísíláǹdì ní ọdún 1916. Yunifásítì Lund ní Súwídìn ni ó ti kẹ́kọ̀ọ́, àwọn ewéko kíkan wọ̀nyí ni ó sì fi ṣe iṣẹ́ ìwádìí. Ó kọ nípa wọn lẹ́ẹ̀kan dé èkejì láti ọdún 1940. Èyí tí ó gùn jù nínú wọn jáde nínú jọ́nà Hereditas ní ọdún 1944. Lẹ́yìn náà ó ṣe olùkọ́ ní Kánádà àti ní Amẹ́ríkà, ó sì kú ní ọdún 1994. Òun àti ìyàwó rẹ̀, Doris Löve, ka krómósóòmù àìmọye ewéko ilẹ̀ àríwá.

Ìlànà rẹ̀ kò lọ́jú pọ̀: ẹ̀yà kan gbọ́dọ̀ ní iye kan. Ìdí tí ó fi gbà bẹ́ẹ̀ sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Bí èyí tí ó ní 28 bá gba lẹ́búlẹ́bú èyí tí ó ní 42, ọmọ wọn yóò ní 35, èyí tí í ṣe ọ̀wọ́ márùn-ún. Ọ̀wọ́ márùn-ún kò ṣeé pín sí méjì dọ́gba-dọ́gba, nítorí náà hóró irú ọmọ bẹ́ẹ̀ kì í sábà dára. Àwọn tí kò lè jùmọ̀ bí ọmọ tí yóò bí ọmọ, kí ni ó dé tí a ó fi pè wọ́n ní ẹ̀yà kan?

Löve wá pín ohun tí Linnaeus pè ní ọ̀kan ṣoṣo. Èyí tí ó ní 42 ni ó fi orúkọ àtijọ́, Rumex acetosella, sílẹ̀ fún. Èyí tí ó ní 28 ni ó pè ní Rumex tenuifolius, ‘eléwé tẹ́ẹ́rẹ́’, orúkọ tí Wallroth ti kọ́kọ́ lò ní ọdún 1822 fún irú kan lásán tí Löve sì sọ di ẹ̀yà. Èyí tí ó ní 14 ni ó fún ní Rumex angiocarpus, orúkọ tí Murbeck ti fún àwọn kan ní ọdún 1891. Àmì ti Murbeck dára fún ẹni tí ó wà nínú oko: àwọn ìbòrí kéékèèké tí ó yí hóró ká lẹ̀ mọ́ hóró náà pinpin, bí a tilẹ̀ fi ìka ra á, kò ní bó. Ti àwọn yòókù a máa bó bí èèpo ẹ̀pà tí a yan.

Ó dára lójú. Iye kan, àmì kan, orúkọ kan. Àwọn ìwé ńlá gbà á. Nígbà tí apá kìíní Flora Europaea jáde ní ọdún 1964, Rechinger, àgbà onímọ̀ Rumex ní Vienna, kọ tenuifolius àti angiocarpus sí ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹ̀yà tí ó dá dúró.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ibi tí àmì àti iye ti gbọ́dọ̀ pàdé. Onímọ̀ kan ní Amsterdam, den Nijs, bẹ̀rẹ̀ sí í kó ewéko yìí jọ láti oríṣiríṣi ibi ní Yúróòpù láàrin ọdún 1970 sí 1990, ó ń kà wọ́n, ó sì ń wo hóró wọn. Ó bá hóró tí ìbòrí rẹ̀ lẹ̀ pinpin lára àwọn tí ó ní 28. Ó bá a lára àwọn tí ó ní 42 pẹ̀lú. Àmì Murbeck kò tẹ̀lé iye Löve. Ti ewé tẹ́ẹ́rẹ́ náà kò sàn ju èyí lọ, nítorí pé ewé ewéko yìí a máa tẹ́ẹ́rẹ́ bí ilẹ̀ bá gbẹ tí kò sì lọ́ràá. Lẹ́yìn gbogbo èyí, nígbà tí a tún apá kìíní ìwé kan náà tẹ̀ ní ọdún 1993, Akeroyd tún iṣẹ́ Rechinger ṣe, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì padà sínú Rumex acetosella gẹ́gẹ́ bí ẹ̀ka-ẹ̀yà. Olóhóró pinpin ni àwọn ìwé kan ń pè ní pyrenaicus lónìí, àwọn mìíràn sì dúró lórí angiocarpus.

Ó yẹ kí a ṣe ẹ̀tọ́ fún Löve. Ohun tí ó kà, ó wà níbẹ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ pé 42 kì í ṣe 42. Ohun tí a kò bá a gbà ni pé kí iye nìkan di orúkọ. Àwọn onímọ̀ ẹ̀ka-èdè láàrin wa yóò mọ irú àríyànjiyàn yìí. Gh wà nínú ẹ̀ka-èdè Oǹdó níbi tí Ọ̀yọ́ ti ń lo w. Ìyàtọ̀ náà dájú, etí gbọ́ ọ, a sì lè ya ilà rẹ̀ sórí àwòrán ilẹ̀. Bí ẹnì kan bá wá tìtorí rẹ̀ nìkan sọ pé èdè méjì ni wọ́n, a ó bi í pé àwọn àmì yòókù ńkọ́, ṣé wọ́n bá ilà náà rìn? Ìbéèrè tí den Nijs bi àwọn hóró rẹ̀ nìyẹn.

Ibi tí ó tàn dé

Àwọn tí ó ní 14 wà ní gúúsù Yúróòpù; bí a bá ń lọ sí àríwá, 28 àti 42 ni a ń bá. Löve rí èyí, ó sì kà á sí ẹ̀rí pé bí òtútù ti ń pọ̀ ni ìlọ́po krómósóòmù ń ṣe àǹfààní. Àwọn mìíràn sọ pé kì í ṣe òtútù gan-an, pé ilẹ̀ tí yìnyín àtijọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ ni ó gba àwọn ewéko onílọ̀ọ́po láyè. A kò ní dá ẹjọ́ náà níhìn-ín.

Ohun tí ó dá wa lójú ni pé ẹsẹ̀ ènìyàn ni ewéko yìí ń tẹ̀lé. Ó fẹ́ ilẹ̀ oníyanrìn tí ó kan, tí kò lọ́ràá, tí a ti ṣí sílẹ̀. Kò fẹ́ abẹ́ igi. Lẹ́búlẹ́bú òdòdó rẹ̀ tí afẹ́fẹ́ gbé bọ́ sínú adágún omi kì í jẹrà bọ̀rọ̀. Inú ẹrẹ̀ ìsàlẹ̀ omi ni ó ń wà, ìpele lórí ìpele, fún ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Ní ọdún 1941, Iversen ará Dẹ́ńmáàkì fi irú lẹ́búlẹ́bú bẹ́ẹ̀ fi hàn ibi tí àwọn àgbẹ̀ àkọ́kọ́ ti gé igbó lulẹ̀ ní ilẹ̀ rẹ̀: ti igi ń dínkù, ti Rumex àti àwọn èpò oko ń pọ̀ sí i. Láti ìgbà náà ni Rumex acetosella ti di ẹlẹ́rìí fún àwọn onímọ̀ ìtàn tí kò ní ìwé láti kà.

Gíríìǹláǹdì ni ẹ̀rí rẹ̀ ti mọ́lẹ̀ jù. Ní òpin ọ̀rúndún kẹwàá ni àwọn ará Nọ́ọ̀sì gbéra láti Áísíláǹdì lọ tẹ̀dó sí gúúsù erékùṣù náà, àwọn àti màlúù wọn àti àgùntàn wọn. Nínú ẹrẹ̀ adágún tí ó wà lẹ́bàá ahoro ilé wọn, lẹ́búlẹ́bú ewéko kíkan yìí a fò sókè lójijì ní ìpele tí ó bá ìgbà náà mu. Àwọn ènìyàn náà pa ìlú tì ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ewéko náà kò bá wọn lọ.

Láti Yúróòpù ni ó ti bá hóró koríko àti ẹrù àwọn tí ń tẹ̀dó wọ ọkọ̀ dé Amẹ́ríkà ti Àríwá, Ṣílè, Ọsirélíà, Niu Sílándì àti gúúsù Áfíríkà. Ní ìlà-oòrùn Kánádà, èpò tí ń da oko àwọn tí ń gbin èso blueberry láàmú ni, nítorí pé ilẹ̀ kíkan tí èso náà fẹ́ ni òun náà fẹ́.

Ewùrà àti àlọ̀

Bí ẹnì kan bá ní kí ni èyí kan àwa tí a kò ní Rumex acetosella lóko, ẹ jẹ́ kí a wo iṣu. Ewùrà, tí orúkọ Látìnì rẹ̀ ń jẹ́ Dioscorea alata, ní irú ìṣòro kan náà: a ti ka 40 nínú rẹ̀, a ti ka 60, a sì ti ka 80. Ewùrà ni gbogbo wọn lẹ́nu àgbẹ̀ Yorùbá. Àwọn onímọ̀ náà sì fi wọ́n sílẹ̀ sínú ẹ̀yà kan. Kò sí Löve tí ó dìde láti pín wọn.

Ti àlọ̀, tí àwọn mìíràn ń pè ní igángán, yàtọ̀. Lamarck fún iṣu pupa inú yìí ní Dioscorea cayenensis; Poiret fún iṣu funfun ní Dioscorea rotundata ní ọdún 1813. Láti ìgbà náà ni àwọn onímọ̀ ti ń jiyàn bóyá ẹ̀yà méjì ni wọ́n tàbí ọ̀kan. Àwọn kan fi funfun ṣe ẹ̀ka-ẹ̀yà pupa, àwọn kan ya wọ́n sọ́tọ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá kọ Dioscorea cayenensis ti àlọ̀ kò tíì sọ fún òǹkàwé bóyá iṣu funfun wà nínú rẹ̀ tàbí kò sí. Ó di ìgbà tí a bá mọ ìwé ta ni ó tẹ̀lé.

Nítorí náà, àbá tí a ní fún àwọn tí ń ṣe àkójọ orúkọ ewé fún iṣẹ́ oyè kò ju mẹ́ta lọ. Kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí ó sọ ewé náà lórúkọ Látìnì àti ọdún tí ó sọ ọ́. Kí wọ́n kọ ìlú tí wọ́n ti gbọ́ orúkọ Yorùbá rẹ̀ àti ẹ̀ka-èdè ẹni tí ó sọ ọ́. Kí wọ́n sì já ẹ̀ka ewé náà pẹ̀lú òdòdó tàbí èso rẹ̀, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ gbẹ láàrin bébà, kí wọ́n kó o lọ sí ilé-ìpamọ́ ewé bí èyí tí ó wà ní ọgbà Iléeṣẹ́ Ìwádìí Igbó ní Ìbàdàn, kí a fún un ní nọ́ńbà. Nọ́ńbà náà ni kí wọ́n kọ ti orúkọ Yorùbá, kí orúkọ Látìnì wà lẹ́yìn rẹ̀. Bí orúkọ Látìnì bá yí ní ọdún mẹ́wàá sí i, ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ewé tí babaláwo náà ń sọ yóò lọ sí Ìbàdàn, yóò béèrè nọ́ńbà, yóò sì rí ewé náà fúnra rẹ̀.